Orí Ewùrà Ọjọ́ Gálílì

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Ìjẹ̀bú-Òde, kò sí ọjọ́ kankan nínú ọdún tó dùn mọ́ mi tó ọjọ́ Mọ́ńdè Àjíǹde, èyí tí àwa ń pè ní Gálílì. Kérésì pàápàá, ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ẹ̀yin ọmọ òde òní lè má mọ ohun tí mò ń wí. Wọ́n ní lẹ́yìn tí Olúwa jíǹde, Gálílì ló ní kí àwọn ọmọ ẹ̀yìn òun ti wá pàdé òun, ìdí nìyẹn tí àwa náà fi máa ń kúrò nínú ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ náà bọ́ sí gbangba, sí pápá tó wà lẹ́yìn ilé ẹ̀kọ́ ìjọ wa. A ó kọrin, a ó jó, a ó sì jẹun. Tiwa wá yàtọ̀, nítorí a kì í bi ẹnikẹ́ni léèrè ibi tó ti ń kírun tàbí ibi tó ti ń bọ̀gún. Gbogbo àdúgbò ni ìjọ ń bọ́. Bí o bá ti lẹ́nu, máa bọ̀ wá jẹun.

Ìrẹsì la máa ń sè. Àmọ́ ọdún tí mo fẹ́ sọ yìí, àwọn ológun ṣẹ̀ṣẹ̀ gbàjọba ni, àsìkò tí wọ́n ń fi kòbókò tò wá sórí ìlà ká tó wọ mọ́tò. Ìrẹsì wọ́n bí ojú. Ilé tó bá rí i sè á ti fèrèsé pa kí òórùn rẹ̀ má bàa jáde. Ni àwọn àgbà ìjọ bá ṣèpàdé, Bàbá Ìjọ sì dábàá pé kí a ti géètì pápá lọ́dún náà, kó jẹ́ pé àwọn ọmọ ìjọ nìkan ni yóò jẹun. Kì í ṣe èèyàn burúkú o. Ìtìjú ló ń bà á lẹ́rù, kí àlejò má lọ dé ká má rí nǹkan gbé síwájú rẹ̀.

Ìyá tó bí màmá mi ni Ìyá Ìjọ nígbà náà, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo sì ti dàgbà. Obìnrin kúkúrú ni, kì í pariwo, ṣùgbọ́n tó bá ti sọ̀rọ̀, ó parí náà nìyẹn. Ó ní kí wọ́n má ti géètì kankan. Ó ní bí kò bá sí ìrẹsì, ṣé àwa kì í ṣe ọmọ Ìjẹ̀bú ni? Ìkọ́kọrẹ́ la ó sè. Ó tún ní bí ẹnikẹ́ni bá fi ebi lọ sílé lọ́jọ́ náà, òun yóò bọ́ oyè Ìyá Ìjọ sílẹ̀ fún wọn.

Ẹ̀rín ni wọ́n kọ́kọ́ fi í rín, wọn ò sì jẹ̀bi. Ẹni tó bá mọ ìkọ́kọrẹ́ mọ̀ pé kì í ṣe oúnjẹ ìkòkò ńlá. Ewùrà la ó rin lórí agolo tí a fi ìṣó dálu, a ó máa sọ ọ́ ní kéékèèké sínú omi ọbẹ̀ tó ń hó, pẹ̀lú epo, edé àti ẹja yíyan. A ó wá dé e, a ò sì gbọdọ̀ rò ó títí tí yóò fi dì. Bí o bá ti ṣíbi bọ̀ ọ́ kó tó jinná, ó di lẹ́ẹ̀ nìyẹn. Nínú ìkòkò ńlá, ìsàlẹ̀ á ti jóná kí òkè tó mọ̀ pé iná wà nídìí òun. Ìyá àgbà ní òun mọ̀ bẹ́ẹ̀, kí ilé kọ̀ọ̀kan gbé ìkòkò tirẹ̀ wá, ká jọ sè é lójú kan náà. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ti ojúlé dé ojúlé bẹ̀ wọ́n, èmi ń tẹ̀ lé e. Àwọn kan ní àwọn á wá. Àwọn mìíràn kàn ń wolẹ̀ ni, nítorí ewùrà ti tán lọ́jà nínú oṣù náà. Èyí tó kù lọ́wọ́ àgbẹ̀, èbù tí wọ́n fẹ́ gbìn ni.

Nígbà tí a dé pápá láàárọ̀ Gálílì, ààrò tiwa, ti ìyàwó Fíkà, àlùfáà ìjọ wa, àti ti Alhaja tó ń taṣọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wa nìkan ló wà níbẹ̀. Àwọn ọmọ sì ti ń rọ́ wọlé, tàwọn tabọ́ lọ́wọ́. Bàbá Ìjọ dúró lẹ́nu géètì, ó ń wo Ìyá àgbà. Ìyá àgbà jókòó sórí àpótí rẹ̀, ó ń fi etí ìró nu ọwọ́ tí kò lómi. Ìgbà yẹn ni mo mọ̀ pé ẹ̀rù ń bà á. Mo ń rò ó pé tí oyè bá bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, báwo ló ṣe máa gba àárín ọjà kọjá?

Ibẹ̀ la wà tí bàbá àgbẹ̀ kan fi yọ láti ọ̀nà Ìjagun. Gbogbo wa mọ̀ ọ́n. Ògún ni baba yìí ń bọ, kò wọ ṣọ́ọ̀ṣì rí láyé rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí Gálílì tí kì í wá jẹun tòun tìyàwó tọmọ. Apẹ̀rẹ̀ ewùrà wà lórí rẹ̀, ìyàwó rẹ̀ ru igi ìdáná, àwọn ọmọ gbé ìkòkò. Ó sọ apẹ̀rẹ̀ kalẹ̀ níwájú Ìyá àgbà. Ìyá àgbà mú ewùrà kan, ó yí i síbí, ó yí i sọ́hùn-ún, mo sì rí i pé ó ti hù lórí.

Ìyá àgbà ní, "Baba, èbù yín mà rèé."

Baba dáhùn pé, "Ẹ ti ń bọ́ wa bọ̀ látọdúnmọ́dún. Ṣé ọjọ́ tó kan ìkòkò tiwa la ó wá jókòó sílé?"

Ìyá àgbà tí mi ò rí omi lójú rẹ̀ rí sunkún lọ́jọ́ náà. Kò pẹ́ ni èrò bẹ̀rẹ̀ sí í ya wọlé. Bóyá wọ́n rí baba lọ́nà ni o, bóyá ojú ló tì wọ́n, mi ò mọ̀. Mùsùlùmí ń bọ̀, tíṣà ń bọ̀, àwọn alágbàṣe ń bọ̀, kálukú pẹ̀lú ìkòkò àti ewùrà tó rí kó jọ. Kí oòrùn tó mú, ààrò ti kún pápá débi pé a ò rí ibi fẹsẹ̀ sí. Ìyá àgbà wá dìde, ó ní kí obìnrin kankan má rin iṣu láìkọ́kọ́ gé orí rẹ̀ sọ́tọ̀, kí wọ́n gé e nípọn, kí wọ́n má ṣahun. Ó gbé apẹ̀rẹ̀ lé mi lọ́wọ́ pé kí n máa gbà á kiri.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ohun tí mo rí lẹ́yìn náà, mi ò lè gbàgbé ẹ̀ láé. Gbogbo ìkòkò ti wà ní dídé. Pápá tó ń pariwo bí ọjà wá dákẹ́ rọ́rọ́, nítorí pé a ò gbọdọ̀ rò ó, kò sì sí nǹkan tí ẹnikẹ́ni lè ṣe ju kó dúró lọ. Àtonígbàgbọ́, àti Mùsùlùmí, àtẹni tó ń bọ̀gún, gbogbo wọn dúró ti ìkòkò, wọ́n káwọ́ gbera. Fíkà ti ṣí ìwé rẹ̀ láti wàásù, ó tún pa á dé. Ìyá àgbà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó sọ sí mi létí pé àwọn obìnrin tó lọ sí ibojì Olúwa náà ò mọ ohun tí wọ́n máa bá níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ló pàtẹ́wọ́, wọ́n sì ṣí gbogbo ìkòkò lẹ́ẹ̀kan náà. Áà! Ooru funfun bò wá mọ́lẹ̀, òórùn epo àti edé gba gbogbo pápá, mi ò rí ẹni tó dúró tì mí mọ́. Mo gbà lọ́kàn mi pé Olúwa ti dé sáàárín wa. Títí di bí mo ti ń sọ̀rọ̀ yìí, kò tíì sẹ́ni tó lè sọ fún mi pé kò wá.

Kò sẹ́ni tó fi ebi lọ sílé. Ìyá àgbà bi Bàbá Ìjọ pé ṣé ó ṣì fẹ́ ti géètì. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí wọ́n bá òun ha èépá ìdí ìkòkò wá.

Nígbà tó di ọjọ́ kejì, àwọn obìnrin ìjọ gbé gbogbo orí ewùrà tí mo gbà jọ, wọ́n fi eérú kùn ún lójú ibi tí ọ̀bẹ ti gé e kó má bàa rà, wọ́n sì rù ú lọ sóko baba náà. Wọ́n bá a kọ ebè, wọ́n bá a gbìn ín. Fíkà pàápàá ká ṣòkòtò sókè. Nígbà tí Gálílì ọdún kejì dé, ìrẹsì ti ń padà wá díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n ìkọ́kọrẹ́ ni gbogbo àdúgbò ní àwọn fẹ́. Oko baba ni ewùrà rẹ̀ ti wá, ó ti fi í pamọ́ dè wá.

Ìjọ wa ṣì ń ṣe Gálílì. Wọ́n ti kọ́ gbọ̀ngàn ńlá sórí pápá, ó sì lẹ́wà. Ìrẹsì inú ike ni wọ́n ń pín, ẹni tí kò bá sì ní káàdì, ọlọ́dẹ á dá a padà lẹ́nu géètì. Mi ò bá wọn jà, ayé ìsinsìnyí ń bani lẹ́rù lóòótọ́. Àmọ́ mo béèrè lọ́dún tó kọjá pé ta ni ó ń gbé nínú ilé tó kọjú sí ṣọ́ọ̀ṣì. Kò sẹ́ni tó mọ̀.

Èmi ò lè gé orí ewùrà kí n sọ ọ́ nù. Àwọn ọmọ ọmọ mi máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ tí wọ́n bá rí i tí mò ń fi eérú kùn ún lẹ́yìnkùlé, wọ́n á ní ṣebí ó wà lọ́jà. Mo mọ̀ pé ó wà lọ́jà. Ti ọdún yìí ti hù. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo kó díẹ̀ sínú apẹ̀rẹ̀, mo lọ sí ilé tó kọjú sí ṣọ́ọ̀ṣì yẹn, mo sì kan ilẹ̀kùn.