Agolo Mílíìkì Tí Mo Yọ Nínú Àpò Ìyàwó Mi

Mímí ìyàwó mi ló sọ mí di ẹni tó ń wọn ẹrù. Ikọ́ fée ti ń ṣe é láti kékeré. Nígbà tí dókítà ní kí n máa rìn dáadáa nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru, ìyàwó mi ní òun ò ní jẹ́ kí n dá rìn. Bí àwa méjèèjì ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í gba ọ̀nà oko kiri nìyẹn, kálukú pẹ̀lú àpò lẹ́yìn, láti Ìlá lọ sí abúlé yìí, láti abúlé yìí lọ sí ìyẹn. Àwọn ará àdúgbò fi wá ṣe yẹ̀yẹ́ títí. "Ọ̀kadà ò kúkú tíì tán ní Ìlá!" Mo máa ń dá wọn lóhùn pé ẹsẹ̀ tèmi náà ò tíì tán. Àmọ́ lọ́jọ́ kan, bá a ṣe ń gun òkè kan lápá Ire, mo gbọ́ tí àyà rẹ̀ ń han bíi fèrè ọmọdé. Àtọjọ́ náà ni ọkàn mi ò ti balẹ̀ mọ́. Mo sọ fún ara mi pé ẹrù ni, ẹrù ló fẹ́ pa á.

Télọ̀ ni mí. Mo tú aṣọ agbòjò mẹ́rin tó ti kán, mo fi rán àpò ẹ̀yìn méjì tó fúyẹ́ bí ìyẹ́. Mo pa bùláńkẹ́ẹ̀tì tì, mo ní kí a mú ìró ańkárá méjì. Mo pa ìkòkò tì, mo mú ife páànù kan tá a lè fi se tíì. Mo ń wo àwọn òyìnbó lórí fóònù tí wọ́n ń gé ìdí búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín wọn kí ẹrù lè dín kù, èmi náà gé pákò mi sí méjì. Ẹ rẹ́rìn-ín bó bá wù yín. Ẹ̀rù ló ń bà mí.

Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń ra kòkó ló yá mi ní òṣùwọ̀n onírin, èyí tí wọ́n máa ń fi àpò kọ́. Ó ní, "Ẹ̀yin télọ̀ yìí, ṣé ẹ ò ní gbé ìyàwó yín kọ́ ọ báyìí?" Mo rẹ́rìn-ín, mo sì gbé òṣùwọ̀n lọ sílé.

Ọ̀tan Ayégbajú là ń lọ lọ́tẹ̀ yìí, ọ̀nà ẹsẹ̀ tó gba orí òkè kọjá. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, ìyàwó mi ń fọ abọ́ lẹ́yìnkùlé, mo gbé àpò rẹ̀ kọ́ òṣùwọ̀n. Ó ju kílò márùn-ún lọ, iye tí mo ti búra pé ẹrù rẹ̀ ò ní kọjá. Mo yọ sálúbàtà kejì. Mo yọ tọ́ọ̀ṣì. Mo yọ agolo mílíìkì kan, mo gbé e sórí pẹpẹ. Mo ní gààrì ò ní kú tí kò bá rí mílíìkì.

Mílíìkì kọ́ ló wà ńbẹ̀. Nílé wa, bíi ti gbogbo ilé tí mo mọ̀, agolo kì í jẹ́ orúkọ ara rẹ̀. Agolo bisikíìtì, òwú àti abẹ́rẹ́ mi ló wà ńbẹ̀. Ike áísìkirimù, ata lílọ̀ ni. Ìnhélà tó máa ń fín sọ́nà ọ̀fun ni ìyàwó mi fi aṣọ wé sínú agolo yẹn, kó má bàa fọ́. Agolo yẹn tilẹ̀ fúyẹ́, mo rò pé mílíìkì inú rẹ̀ ló ti ń tán lọ. N ò ṣí i. N ò sì pè é pé kó wá wò ó, bẹ́ẹ̀ ìlẹ̀kùn kan péré ló wà láàárín wa.

A gbéra. Ọyẹ́ mú, ojú ọ̀nà funfun fún eruku. Èmi ni mo wà níwájú. Mo ń yẹ ojú ọ̀run wò, mo ń yẹ ẹsẹ̀ mi wò, mo ń ronú ejò, mo ń ronú omi tí yóò tán. Ìfura loògùn àgbà, àmọ́ mo fura sí gbogbo nǹkan tán, n ò fura sí ọwọ́ ara mi.

Ibi tí òkè ti ń ga ni èéfín ti pàdé wa. Àgbẹ̀ kan ń sun oko nísàlẹ̀, afẹ́fẹ́ sì ń dà á bọ̀ lọ́dọ̀ wa. Mo fi ìbòrí mi bo imú, mo tẹsẹ̀ mọ́rìn ká lè tètè kọjá. Nígbà tí mo bojú wẹ̀yìn, n ò rí ìyàwó mi. Mo sáré padà. Ó ti jókòó sílẹ̀, ó ń da àpò rẹ̀ sórí koríko, ó ń fọwọ́ tú u.

"Agolo mi," ló wí.

"Agolo wo?"

"Mílíìkì... ibẹ̀ ni... ìnhélà wà."

Subuánálláhì! Mo ní, "Mo yọ ọ́." Ó wò mí, kò bú mi, kò ní èémí tí yóò fi bú mi. Mo gbé fóònù sókè, kò sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Ètè rẹ̀ ti ń dúdú. Mo da àwọn àpò tí mo rán nù sínú igbó, mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo fà á sẹ́yìn mi, mo fi ìró rẹ̀ gbà á mọ́ra bí ẹni pọn ọmọ. Bí mo ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ ni mo ń kígbe, "Ẹ gbà mí o! Ẹ gbà mí!" Mo ń gbọ́ ọ̀fun rẹ̀ létí mi. Nígbà tí mi ò bá gbọ́ ọ, mo máa ń fẹ́ ṣubú.

Àgbẹ̀ tó ń sun oko ló sáré gbé ọ̀kadà rẹ̀ jáde. A fi ìyàwó mi sáàárín, ó di ọsibítù ní Ọ̀tan. Wọ́n fi nǹkan bò ó nímú, wọ́n gún un lábẹ́rẹ́, wọ́n ní kí n dúró síta. Gbogbo àdúrà tí mo mọ̀ ló dà rú mọ́ mi lẹ́nu.

Nígbà tí wọ́n pè mí wọlé, èémí rẹ̀ ti ń rọlẹ̀. Mo kúnlẹ̀ ti bẹ́ẹ̀dì, mo bẹ̀ ẹ́. Mo ní, "Ẹrù ni mo fẹ́ dín kù fún ọ. Ẹrù ló ń pa ọ́ tẹ́lẹ̀."

Ó yọ nǹkan náà kúrò nímú díẹ̀.

"Dádì, ta ló sọ fún yín pé ẹrù ni? Ẹrù ò wúwo fún mi rí. Ẹ máa ń yára jù ni. Mo máa ń sáré kí n lè bá yín."

Nọ́ọ̀sì ní kó dákẹ́, kó sinmi. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n la ti fẹ́ra wa, n ò sì bi í léèrè rí.