Iná Tí Mo Yọ Kúrò Lójú Ọkọ̀

Òórùn epo tí kò jóná tán ni mo kọ́kọ́ gbọ́ lọ́jọ́ náà, kí n tó gbọ́ ìró ọkọ̀ rárá. Ẹ̀bá ọ̀nà tó ti Ìsẹ̀ wọ Ìkẹ́rẹ́ ni ṣọ́ọ̀bù mi wà, ẹni tó bá sì ti jókòó síbẹ̀ fún ọdún mélòó kan bíi tèmi, imú rẹ̀ á ti di dókítà. Epo tó ń jó dáadáa kì í rùn bẹ́ẹ̀. Èyí ń rùn bí ìgbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pa sítóòfù, ó ń ta ènìyàn nímú, ó ń ta á lójú. Nígbà tí mo gbórí sókè, mo rí ọkọ̀ aláwọ̀ aró kan tó ń wọ́ bọ̀ bí arúgbó, èéfín dúdú ń tẹ̀ lé e.

Iṣẹ́ rẹ́wáyà ni mò ń ṣe, àwa là ń wá ìdí àìsàn iná àti wáyà inú mọ́tò. Bàbá tó wa ọkọ̀ náà ti jẹ́ ọ̀gá ilé-ìwé ní Emùré kó tó fẹ̀yìn tì. Ìyàwó rẹ̀ jókòó síwájú, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì wú, wọ́n ká ìrọ̀rí sí i lẹ́yìn. Kíndìnrín ìyá náà ti daṣẹ́ sílẹ̀, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ni bàbá ń gbé e lọ sí Adó kí wọ́n lè fi ẹ̀rọ fọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Aago méje àárọ̀ ló máa ń kàn án lórí ẹ̀rọ. Bí ó bá pẹ́, wọn á fi ẹlòmíràn sí i. Ọkọ̀ èrò kì í tètè kúrò ní Emùré bẹ́ẹ̀, àwọn awakọ̀ kò sì fẹ́ gbé aláìsàn tó ń bì. Ọkọ̀ yìí nìkan ni wọ́n gbójú lé, kò sì lè gun òkè mọ́. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ti pẹ́ dé Adó, tàárọ̀ ọjọ́ náà ló ṣìkẹta. Wọ́n ti bẹ ilé ìwòsàn lórí fóònù, àwọn nọ́ọ̀sì sì ní kí wọ́n máa bọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kejì.

Ìyá fa gíláàsì wálẹ̀. "Ọmọ mi, báwo ni uṣẹ́ ẹ̀ ṣe jẹ́? Tọ̀la è gbọdọ̀ bọ́ o."

"Ẹ fọkàn balẹ̀, mà, tọ̀la kò ní bọ́," ni mo wí. Ọ̀rọ̀ ẹnu ò wúwo.

Mo yí kọ́kọ́rọ́. Iná kékeré kan wà lójú dáṣíbọ́ọ̀dù, tí wọ́n ya bí ẹ́ńjìnnì, òun ló ń tàn bí ọkọ̀ kò bá jó epo bó ṣe yẹ. Bí o bá kọ́kọ́ ṣí ọkọ̀, ó yẹ kó tàn fìrì, kó tó kú. Èyí kò tàn rárá. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ẹ̀rọ àyẹ̀wò mi sọ pé sẹ́ńsọ̀ tó wà lára páìpù èéfín, èyí tó ń gbóòórùn èéfín kó lè bu epo tó yẹ fún ẹ́ńjìnnì, kò sọ nǹkan kan mọ́. Mo tú ojú dáṣíbọ́ọ̀dù, mo wo ibi tó yẹ kí gílóòbù iná náà wà. Ihò lásán ni mo bá níbẹ̀.

Kò yà mí lẹ́nu, bí kò ṣe ní ya ẹnikẹ́ni tó ń ṣe iṣẹ́ wa lẹ́nu. Níbí yìí, bí ẹnìkan bá fẹ́ ta ọkọ̀ tí iná yẹn kò sì kú, kì í sọ fún wa pé ká tún un ṣe. "Bá mi pa á" ló máa ń wí, àwa náà á sì yọ gílóòbù rẹ̀. Ẹni tó rà á á rí ojú tó mọ́ tónítóní, á gbé ọkọ̀ lọ fún pásítọ̀ kó gbàdúrà sí i. A kì í pe ìyẹn ní olè. Ọgbọ́n iṣẹ́ là ń pè é.

"Taa ló ṣe ùyí?" bàbá béèrè.

"Ẹni tí kò bẹ̀rù Ọlọ́run ni, sà," ni mo dáhùn. Mo sọ ọ́ sókè, kí gbogbo ẹni tó wà nítòsí lè mọ̀ pé ọ̀gá ni mí. Mo tiẹ̀ mi orí.

Mo wá rá wọ abẹ́ ọkọ̀. Mo tọ wáyà sẹ́ńsọ̀ náà láti ìdí páìpù lọ sókè, mo rí ibi tí ẹnìkan ti gé e tó sì so ó pọ̀. Mo tú téèpù ibẹ̀. Òwú aláwọ̀ ewé ni wọ́n fi wé e lábẹ́ téèpù, wọ́n wé e pẹ́kípẹ́kí, wọ́n ta kókó rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Télọ̀ ni ìyá mi, aṣọ iléèwé ló ń rán jù. Èmi nìkan ni mo mọ̀ ní gbogbo Ìkẹ́rẹ́ tó ń fi òwú télọ̀ so wáyà kó tó lẹ téèpù mọ́ ọn.

Gbogbo rẹ̀ padà sí mi lọ́kàn. Ó ti tó ọdún mẹ́ta. Òṣìṣẹ́ ìjọba kan ló ni ọkọ̀ náà nígbà yẹn, wọ́n ti gbé iṣẹ́ rẹ̀ lọ sí Àbújá, ó fẹ́ tètè tà á. Funfun ni ọkọ̀ náà tẹ́lẹ̀, kí wọ́n tó tún un kùn. Mo wá àìsàn náà láti àárọ̀ di ọ̀sán, n kò rí i, inú bí mi, mo gé wáyà, mo so ó ní ìsokúso, mo fi òwú àti téèpù bò ó, mo yọ gílóòbù. Ẹni tó da eérú leérú ń tọ̀. Mo dùbúlẹ̀ síbẹ̀, mò ń wo bàtà bàbá lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà, ojú tì mí, ilẹ̀ ò lanu.

"Kí lo rí?"

"Wáyà ni, sà."

Bàbá bẹ̀rẹ̀ kó lè wò mí lábẹ́ ọkọ̀. "K'Ólúwa dárí ji ẹni náà. Bóyá è mọ̀ pé aláìsàn ni a a fi ọkọ̀ ùyí gbé."

Ọlọ́run mọ̀ pé mo fẹ́ sọ. Mo lanu, mo sì gbọ́ tí ìyá ń wúkọ́ lókè mi, mo pa ẹnu dé.

Mo tún wáyà náà so bó ṣe yẹ. Ó ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ́ńjìnnì gbóná, sẹ́ńsọ̀ tún yadi. Lọ́tẹ̀ yìí n kò bínú. Mo fi mítà tí a fi ń wọn iná sí i lẹ́nu, mo jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì máa ṣiṣẹ́, mo bẹ̀rẹ̀ sí í mi wáyà náà díẹ̀díẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Nígbà tí mo dé ibi tó fara ti páìpù gbígbóná, mítà ṣubú sí òdo. Lóde, wáyà náà dára. Nínú, bàbà rẹ̀ ti já, bó bá tutù á kan ara wọn, bó bá gbóná á yà. Kò gbà mí ju àsìkò tí ènìyàn fi ń jẹ ẹ̀kọ méjì lọ. Ohun tí n kò ní sùúrù láti wá lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn nìyẹn.

Ṣùgbọ́n ó ti ba nǹkan jẹ́ kọjá wáyà. Epo àpọ̀jù ọdún mẹ́ta ti yọ́ inú kátálíìsì, agolo tó ń sẹ́ èéfín lábẹ́ ọkọ̀, ó ti dí pa, ọkọ̀ kò rí ibi mí. Ìdí tí kò fi lè gun òkè nìyẹn. Mo tú agolo náà, mo gbẹ́ inú rẹ̀ dànù, nítorí kò sí òmíràn. Mo fi gílóòbù tuntun sí ojú dáṣíbọ́ọ̀dù. Nírọ̀lẹ́, mo wa ọkọ̀ náà lọ sí òkè, ó gùn ún láìmí gúlegúle. Ìyá pàtẹ́wọ́ lórí ìjókòó tó wà.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n dé Adó kí aago méje tó lù. Ṣùgbọ́n omi ti wọ inú ẹ̀dọ̀fóró ìyá láàárín àwọn ọjọ́ tó fi pàdánù ẹ̀rọ lẹ́ẹ̀mẹta. Ọjọ́ kẹsàn-án lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n pè mí láti Emùré pé ó ti lọ.

Mo lọ sí ìdúpẹ́ ìsìnkú. Ẹ̀yìn pátápátá ni mo jókòó sí, kí n lè tètè sá jáde. Nígbà tí bàbá dìde láti dúpẹ́ lọ́wọ́ ìjọ, ó wò káàkiri títí ó fi rí mi, ó ní kí n bọ́ síwájú. "Ọmọkùnrin yìí," ó wí, "dùbúlẹ̀ lábẹ́ ọkọ̀ mi láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Òun ló jẹ́ kí ìyàwó mi dé ọ̀dọ̀ dókítà." Àwọn ènìyàn pàtẹ́wọ́. Mo dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ, wọ́n rò pé ìrẹ̀lẹ̀ ni. N kò fẹ́ kí wọ́n rí ojú mi. Nígbà tí mo ń lọ, wọ́n di iṣu márùn-ún fún mi, mo gbà á.

N kì í yọ gílóòbù mọ́. Bí oníbàárà bá ní kí n bá òun pa á, mo máa ń kọ̀, á sì sọdá títì sí ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn, kí n tó nu ọwọ́ mi tán, wọ́n ti bá a yọ ọ́. Nítorí náà n kò tíì gba ẹnikẹ́ni là. N kò tíì sọ fún bàbá náà pẹ̀lú. Mo máa ń sọ fún ara mi pé bí mo bá sọ, mo ti gba ẹnì kan ṣoṣo tí bàbá rí dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nínú gbogbo ọ̀rọ̀ náà kúrò lọ́wọ́ bàbá. Bóyá àwáwí ni. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ẹ̀bi tí ènìyàn bá ti gba ọpẹ́ lé lórí, kò ní rí ibi tí yóò sọ̀ ọ́ kalẹ̀ sí mọ́.