Kòkó Tí Ìyá Mi Fọ̀

Bí ẹnikẹ́ni bá dárúkọ kòkó níwájú mi, inú a máa bí mi. Àwọn àbúrò mi rò pé nítorí oko tó bọ́ lọ́wọ́ bàbá wa ni. Kì í ṣe oko ló ń dùn mí.

Iléeṣẹ́ aṣọ ni bàbá mi ti ń ṣiṣẹ́ láyé owó epo, nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ ń sá kúrò lóko wá sí Èkó. Yàrá kan la gbà ní Muṣin. Nígbà tí bàbá bàbá mi kú, tó fi oko kòkó kékeré kan sílẹ̀ lábúlé, ẹ̀gbọ́n bàbá mi ránṣẹ́ pé òun kò ní máa bá ará Èkó tọ́jú oko. Ẹni tó bá fẹ́ ìpín tirẹ̀, kó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe kòkó ọdún yẹn, kó kó o wá síwájú ẹbí. Bí kò bá lè ṣe é, ìpín rẹ̀ ti di ti àwọn tó wà nílé. Bàbá mi ní kí ni ó le níbẹ̀. Ẹnu dùn-ún ròfọ́.

Ìsinmi ráńpẹ́ ni wọ́n fún un níbi iṣẹ́. Ó ká kòkó, ó pa á, ṣùgbọ́n kò lè dúró fún ọjọ́ mélòó kan kí hóró rẹ̀ móoru lábẹ́ ewé kó sì kan, kó tó sá a sóòrùn, kò sì fọkàn tán ẹnì kankan lábúlé. Ló bá kó hóró tútù sínú agbọ̀n tó fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ tẹ́, ó gbé e wọkọ̀ wá sí ibùdókọ̀ Jíbówú, ó sì gbé e láti ibẹ̀ wá sílé. Omi kòkó ń kán sí i lára bó ṣe ń gbé e wọlé. Ó gbé e sẹ́yìnkùlé, ó bò ó, ó ní kí ìyá mi bá òun ṣọ́ ọ. Kò sọ ju ìyẹn lọ tó fi gba ibi iṣẹ́ lọ.

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni ìyá mi, irú ló ń ṣe tà. Kò dé oko kòkó rí. Ó ṣí ewé, ó rí ohun funfun tó ń yọ̀ lára hóró, eṣinṣin bò ó. Àwọn ará ilé sì ti ń kùn pé wòlé-wòlé máa kó gbogbo wa. Ohun tó mọ̀ ni pé a gbọ́dọ̀ fọ hóró irú mọ́ tónítóní kí a tó bò ó kó móoru. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe fọ kòkó náà lẹ́nu ẹ̀rọ omi, ó ń kọrin, inú rẹ̀ ń dùn pé òun ń ran ọkọ òun lọ́wọ́. Ohun tó ń yọ̀ yẹn gan-an ló ń mú kòkó gbóná tó fi ń kan. Ta ló sọ fún un?

Bàbá mi dé, ó ki ọwọ́ bọ agbọ̀n. Ó tutù.

“Mo ti bá yín fọ̀ ọ́,” ni ìyá mi wí. “Ẹ wò ó bó ṣe mọ́.”

Bàbá mi jókòó sórí garawa. Ó tún kòkó náà bò, kò gbóná. Níkẹyìn ó sá a sórí páànù.

Gbogbo wa la jọ kó o lọ sábúlé. Níwájú ẹbí, ẹni tó ń ra kòkó fi ọ̀bẹ la hóró kan. Inú rẹ̀ ṣú bí sílétì. Ó la òmíràn, bákan náà ni. Ó ní kò kan rárá, òun kò ní rà á. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi wá béèrè pé ta ló ṣe kòkó yìí.

Mo ń retí kí bàbá mi ní òun ni, òun ni kò kọ́ ẹnikẹ́ni tó fi lọ síbi iṣẹ́. Ilẹ̀ ló ń wò.

“Ìyàwó mi ni,” ló wí.

Àwọn obìnrin ilé pòṣé. Wọ́n ní ìyàwó ará òkèèrè ti ba oko ọkọ rẹ̀ jẹ́. Ìyá mi kúnlẹ̀, ó ń bẹ gbogbo wọn, bàbá mi kò sì yanu. Ọjọ́ náà ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gba oko.

Títí bàbá mi fi kú, kò sọ ọ̀rọ̀ yẹn bó ṣe jẹ́ fún ẹnikẹ́ni. Ìyá mi kò ní ìpín nínú oko náà láti ìbẹ̀rẹ̀, kò sì lè ní láéláé. Ẹ̀bi rẹ̀ nìkan ni wọ́n pín fún un.