Òdòdó Ìyá Mi Nínú Àmù

Nígbà tí mo ṣì kéré, tí orí mi ò tíì kan ojú fèrèsé ilé wa ní Ṣakí, ìyá mi gbé òdòdó kan wá láti Jọ́ọ̀sì. Mo fẹ́ sọ fún yín bí òdòdó náà ṣe yè, àti bí wọ́n ṣe gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà ṣì ń bí mi nínú títí di òní, ṣùgbọ́n mo ti dàgbà kọjá ẹni tó ń pariwo. N ó sọ ọ́ bó ṣe rí, n ó sì fi ẹ̀bi sí ibi tó yẹ kó wà.

Owó náírà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ́ àwọn èèyàn lára nígbà náà. Bàbá mi ti wa ọkọ̀ fún ìjọba ní Jọ́ọ̀sì fún ọ̀pọ̀ ọdún, ibẹ̀ ni wọ́n sì bí mi sí. Nígbà tí iṣẹ́ náà parí, ó kó wa padà sí agboolé wọn. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí tẹ́ ẹ ń dá gba ilé láti ọjọ́ ìgbéyàwó, ẹ lè má mọ ohun tí agboolé jẹ́ fún obìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Yàrá kan ni wọ́n fún ìyá mi. Àgbàlá kì í ṣe tirẹ̀, ààrò kì í ṣe tirẹ̀, ìgbà tó máa pọnmi pàápàá, ẹlòmíràn ló ń sọ fún un. Ohun kan ṣoṣo tó lè nawọ́ sí pé òun ló ni ín ni igi kékeré tó gbé sórí itan nínú ọkọ̀ láti Jọ́ọ̀sì, tó fi àpò tútù wé gbòǹgbò rẹ̀. Àsáléà ni wọ́n ń pè é. Ọkùnrin tó ń tọ́jú ọgbà ní ilé àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ló fún un, ó sì kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń tọ́jú rẹ̀.

Nítorí igi yìí ni àwọn ìyàwó ilé ṣe sọ ọ́ ní Ìyá Jọ́ọ̀sì. Bí wọ́n bá ti pàdé lẹ́bàá ààrò, wọ́n á bẹ̀rẹ̀.

"Ìyá Jọ́ọ̀sì, ewé yín yìí, irú ọbẹ̀ wo la fi ń sè?"

"Wíwò la máa ń wò ó," ìyá mi á dáhùn.

"Ó mà dáa o. Tí ebi bá wá pa yín, kẹ́ ẹ wò ó dáadáa."

Wọ́n á rẹ́rìn-ín, òun náà á rẹ́rìn-ín. Mi ò ka ìyẹn mọ́ ohun tó ń bí mi nínú. Ẹ̀fẹ̀ obìnrin ilé ni, kò sí ìkà nínú rẹ̀.

Ìyá bàbá mi ni ẹni àkọ́kọ́ tó fẹ́rẹ̀ẹ́ pa igi náà, ìfẹ́ ló sì fi ṣe é. Ìyá àgbà máa ń se òrí, eérú ààrò rẹ̀ sì pọ̀. Eérú yìí ló máa ń dà sídìí ẹ̀fọ́ àti ata rẹ̀, wọ́n sì máa ń ta yọ gbogbo ti àdúgbò. Ó rí i pé igi ìyàwó ọmọ òun rù, ló bá ń bu eérú tó dára jù lọ sídìí rẹ̀ láràárọ̀, tó ń fọwọ́ tẹ̀ ẹ́. Kò pẹ́ tí ewé fi pọ́n.

"Kí ló ṣe é tó pọ́njú bí ẹni tí ibà dá dúbúlẹ̀?" ni ìyá àgbà wí, ó sì tún bu eérú sí i.

Ìyá mi ò lè sọ fún ìyá ọkọ rẹ̀ pé kó dáwọ́ dúró. Ohun tó ṣe ni pé ó máa ń lọ síbẹ̀ tí ìyá àgbà bá ti wọlé lọ kírun, á rọra fi ọwọ́ gbá eérú náà kúrò.

Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ gbígbá tún wà níbẹ̀. Èmi ni mo ń gbá àgbàlá láàárọ̀, ẹ sì mọ bí a ṣe ń gbálẹ̀ ní ọ̀dọ̀ wa: títí tí ilẹ̀ á fi dán, tí ipa ọwọ̀ nìkan á kù lórí rẹ̀. Ìyá mi ní kí n fi ewé gbígbẹ sílẹ̀ sídìí igi náà, nítorí gbòǹgbò rẹ̀ kì í lọ jìn, oòrùn á tètè bá a. Ìyá àgbà ní kí n gbá a. "Ṣé ejò lẹ fẹ́ máa sìn síbẹ̀ ni?" Mo ń gbá a, mo ń dá a padà, mo tún ń gbá a.

Bàbá mi náà fẹ́ ràn án lọ́wọ́. Ó lọ mú ọ̀gá kan wá láti ọ́fíìsì iṣẹ́ àgbẹ̀, ọ̀dọ́mọkùnrin tó wọ ṣòkòtò tó fẹ̀ lẹ́sẹ̀ bí wọ́n ṣe ń rán an nígbà náà. Kò bèèrè irú igi tó jẹ́. Ó fún wa ní ajílẹ̀ òyìnbó tí wọ́n ń fún àwọn alágbàdo, ó ní kí a bu ẹ̀kúnwọ́ kan sí i. A bù ú. Etí ewé tó kù jó bí ìwé tí iná rá lára.

Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, tí mo ń kọ́ nípa ohun ọ̀gbìn ní yunifásítì, mo jókòó nínú kíláàsì lọ́jọ́ kan tí olùkọ́ ń ṣàlàyé pé àwọn igi kan wà tó jẹ́ pé ilẹ̀ tó bá kan díẹ̀, bí ọsàn ṣe máa ń kan, ni wọ́n ń fẹ́, pé eérú a sì máa pa kíkan náà. Ó dárúkọ àsáléà. Ìyá àgbà ni mo ń rí tó lóṣòó, tó ń fọwọ́ tẹ eérú. Àṣìṣe ni tirẹ̀, àṣìṣe sì ni ti ọ̀gá àgbẹ̀. Ẹnì kan ò mọ̀, ẹnì kan ń kánjú. Mo dárí ji àwọn méjèèjì.

Nígbà tí ó ku ẹ̀ka méjì péré lára igi náà, ìyá mi kúnlẹ̀ níwájú ìyá àgbà. Mo wà níbẹ̀. "Ẹ̀yin lẹ mọ ilẹ̀ ibí, mà. Èmi mọ igi náà díẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká pa ìmọ̀ méjèèjì pọ̀." Ìyá àgbà dìde, ó wọ yàrá, ó sì yí àmù kan jáde, àmù tí wọ́n gbé tẹ̀ lé e wá sílé ọkọ, tó ti sán létí tí kò gba omi mọ́.

Wọ́n lu ihò sídìí rẹ̀ kí omi lè máa jò jáde. Ìyá àgbà mọ ibi tí ilẹ̀ dúdú wà lábẹ́ àwọn igi etí odò, tí ewé ti jẹrà síbẹ̀ láti ayébáyé. Ibẹ̀ ni a ti bu ilẹ̀ wá. Ìyá mi ní omi kànga wa le jù, omi òjò ni kí a máa fi wọ́n ọn, ni a bá gbé dúrọ́ọ̀mù sábẹ́ páànù, tí a sì ń bò ó pa mọ́ de ẹ̀ẹ̀rùn. Ìyá àgbà fi pòròpórò ọkà bàbà ṣe ọgbà yí i ká lábẹ́ igi máńgòrò, kí ọyẹ́ má baà gbẹ ẹ́. Ewé gbígbẹ wà nínú àmù, ilẹ̀ ìta sì dán. Kò sẹ́ni tó bínú sí mi mọ́.

Ó yè. Ní ọdún kejì, bí ọyẹ́ ṣe ń kásẹ̀ nílẹ̀, ó tanná. Gbogbo ara rẹ̀ pupa fòò, ẹ ò ní rí ewé. Àwọn tó ń fi í ṣẹ̀fẹ̀ náà ló ń mú ará ilé wọn wá wò ó, tí wọ́n ń sọ pé "ti ilé wa nìyẹn." Ìyá àgbà á kírun àárọ̀ tán, á gba ibẹ̀ kọjá, á kí i: "Ṣé o jí ire?"

Ẹ wá gbọ́ ohun tó dùn mí. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni olórí ilé, Alájì ni gbogbo wa ń pè é. Tábà ló ń gbìn. Ọkùnrin ọlọ́lá kan láti Ìsẹ́yìn, tó máa ń ra tábà lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀, wá kí i lọ́jọ́ kan nígbà tí igi náà tanná. Bó ṣe wọ àgbàlá, ó dúró.

"Háà, Alájì! Níbo lẹ ti rí irú eléyìí?"

"Tiyín ni, ọ̀gá. Ẹ máa gbé e lọ."

"Ó tì o, mi ò sọ bẹ́ẹ̀."

"Mo ti sọ ọ́ ná. Ìyàwó! Wá dúpẹ́ lọ́wọ́ àlejò, ọ̀gá fẹ́ràn òdòdó yìí, wọ́n ń gbé e lọ."

Ẹ gbọ́ mi dáadáa. Kò bèèrè lọ́wọ́ ìyá mi, ìyẹn jẹ́ ọ̀kan. Ó tún ní kó dúpẹ́. Ìyá mi kúnlẹ̀, ó dúpẹ́. Bàbá mi wà lórí àga, bàtà rẹ̀ ló ń wò. Ìyá mi wá ní, "Ẹ jọ̀ọ́, sà, ẹ má jẹ́ kí wọ́n da eérú sí i. Omi òjò ló ń mu."

Àlejò bú sẹ́rìn-ín. "Alájì, òdòdó yín yìí le o! Ṣé ẹran ló máa ń jẹ ni?" Gbogbo àwọn tó jókòó bá a rẹ́rìn-ín. Ọkùnrin méjì gbé àmù náà sẹ́yìn píkọ́ọ̀pù, wọn ò bò ó, ó sì di ojú ọ̀nà Ìsẹ́yìn nínú oòrùn ọ̀sán.

Ìyá àgbà ti lọ sí Ìlúà lọ́jọ́ náà. Nígbà tó dé tó bá ilẹ̀ lásán lábẹ́ máńgòrò, kò bá Alájì, ọmọ bíbí inú rẹ̀, sọ̀rọ̀ títí òjò ọdún yẹn fi bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí òjò yẹn náà kásẹ̀, ará ilé wa kan gba Ìsẹ́yìn kọjá, ó ní wọ́n gbé e sí iwájú ilé lórí sìmẹ́ńtì kí èèyàn lè máa rí i, ó sì ti gbẹ. Tábà Alájì ńkọ́? Iye tí wọ́n ń ra ti gbogbo ayé ni wọ́n ra tirẹ̀.

Ìyá mi ò gbin òdòdó mọ́. Tẹ̀tẹ̀ ló gbìn síbẹ̀. Ó ní kò sẹ́ni tó ń fi ẹ̀fọ́ ta àlejò lọ́rẹ.

Wọ́n ń sọ pé ayé ti yí padà, òótọ́ sì ni. Àwọn obìnrin tí mo kọ́ ní iṣẹ́ ń ra ilẹ̀ lórúkọ ara wọn. Ṣùgbọ́n lẹ́nu àìpẹ́ yìí, mo lọ sílé ní Ṣakí láti Ìbàdàn tí mo ń gbé, mo sì bá àbúrò mi ọkùnrin, òun ni olórí ilé báyìí, tó kó íńtalọ́ọ̀kì, òkúta sìmẹ́ńtì tí wọ́n ń tẹ́ sílẹ̀, jọ láti fi bo gbogbo àgbàlá. Mo bèèrè bóyá ó bá ìyàwó rẹ̀ sọ ọ́. Ó wò mí, ó ní, "Lórí kí ni?"

Mi ò bá a jà. Mo lọ bá ìyàwó náà níbi tó ti ń ṣa ìrẹsì, mo bi í pé ká ní wọ́n ní kó sọ tirẹ̀, kí ni ì bá fẹ́ kó wà ní àgbàlá yìí. Ó rẹ́rìn-ín, ó wẹ̀yìn wò bóyá ẹnì kan ń gbọ́.

"Màmá Ìbàdàn, mi ò tíì rò ó rí o. Kò sẹ́ni tó bi mí."

Mo fa àpótí kan, mo jókòó tì í. Mo ní kó máa rò ó, mi ò kánjú.