Kínpóòsì Mẹ́rìnlá Tí Mo Gé ní Olúpọ̀nnà

N ò ní fi epo bọyọ̀: mo jowú Mùtíù. Ọjọ́ tí mo padà sẹ́nu iṣẹ́ lẹ́yìn oṣù mẹ́ta tí mo fi gba ìtọ́jú, òun ni mo bá tó ń fi téèpù wọn igi. Ó tiẹ̀ fi pẹ́ńsù há etí bí mo ṣe máa ń ṣe. Mo kí i, ó kí mi, ṣùgbọ́n pẹ́ńsù yẹn ni mò ń wò.

Káfíńtà òrùlé ni wá ní Ìwó. Alájì Làmídì ló kọ́ èmi àti Mùtíù níṣẹ́, ọjọ́ kan náà la sì ṣe fírídọ̀ọ̀mù. Nínú iṣẹ́ wa, ẹnì kan ló máa ń wọn igi, tó máa ń fàlà sí i. Àwọn yòókù a gé e, wọn a kàn án. Ẹni tó ń fàlà ni igbákejì ọ̀gá. Ọdún mẹ́jọ ni mo fi wà nípò yẹn. Bí mo bá ti wo ilé lẹ́ẹ̀kan, mo ti mọ iye igi tó máa gbà. Mùtíù ò lè súnmọ́ mi rárá, mo sì máa ń sọ ọ́ lójú ẹ̀.

Ohun tí n ò sọ fún wọn ni pé tírámádọ́ọ̀lù ló wà nídìí agbára mi. Ẹ̀yìn ló ń ro mí, mo bẹ̀rẹ̀ sí í lo ẹyọ kan láràárọ̀. Ẹyọ kan di mẹ́ta, mẹ́ta di n ò kà á mọ́. Mo máa ń gbé páànù méjì-méjì gun òrùlé nínú oòrùn gangan, Alájì á máa pariwo pé, "Ẹ wo ọkùnrin!" Títí tí gìrì fi gbé mi ṣánlẹ̀ lọ́jọ́ kan. Alihamdulilai, ilẹ̀ ni mo wà, kì í ṣe lórí òrùlé. Màmá mi ló gbé mi lọ sọ́sibítù.

Mo rò pé bí oògùn bá ti kúrò lára mi, orí mi á pé padà lọ́jọ́ náà. Irọ́ ńlá! Ńṣe ni orí mi dà bí ilé ìdáná tí èéfín kún. Mo lè dìde lọ mú òòlù, kí n tó débẹ̀, mo ti gbàgbé ohun tí mo ń wá. Mo lè sùn láti ìgbà ìrun ìṣá lálẹ́ títí oòrùn fi yọ, kí n jí bí ẹni tó kọ ebè mọ́jú. Nọ́ọ̀sì kan ṣàlàyé fún mi.

"Bọ̀dá, ẹ ṣe sùúrù," ó ní. "Ọpọlọ yín ń tún ara ẹ̀ ṣe ni. Ó lè gba oṣù púpọ̀. Ẹ má tìtorí ẹ̀ padà sídìí oògùn yẹn o."

Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n nọ́ọ̀sì kọ́ ló ń wo Mùtíù tó fi pẹ́ńsù há etí.

Alájì ní n ò gbọdọ̀ gun òrùlé, kí n máa gé igi nílẹ̀. Nígbà tí a gba iṣẹ́ ilé kan ní Olúpọ̀nnà, mo dọ̀bálẹ̀ fún wọn.

"Alájì, ẹ jẹ́ n fàlà sí àwọn kínpóòsì nìkan." Igi tó máa ń dúró ṣánṣán láàárín òrùlé, tó gbé gbogbo ẹ̀ ró, la ń pè bẹ́ẹ̀.

Wọ́n ní, "Mẹ́rìnlá ni, Rábíù. Tó o bá ṣe é ire, wàá gba téèpù ẹ padà. Tó bá bà jẹ́, o ò ní bá mi jiyàn mọ́."

Ní tiwa, igi àkọ́kọ́ tí a bá gé la ń pè ní ìyá igi. Òun nìkan la máa ń fi téèpù wọ̀n. Orí ẹ̀ la ti ń fàlà sí gbogbo ìyókù. A kì í fi ọmọ wọn ọmọ, torí ojú pẹ́ńsù àti ojú ayùn á máa lé díẹ̀díẹ̀. Ẹni tó kọ́ṣẹ́ lọ́sẹ̀ kan ti mọ̀yẹn.

Mo gé mẹ́ta, àárẹ̀ bá dé. Mo ní kí n jókòó díẹ̀. Ìgbà tí mo dìde, n ò mọ èyí tó jẹ́ ìyá nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta mọ́! N ò fi àmì sí i. Kí n bi Mùtíù tó wà lórí ògiri? Ó tẹ́ mi lọ́rùn kí n jẹ yẹ̀pẹ̀. Mo mú èyí tó súnmọ́ mi, mo fi wọn èyí tó kàn, mo tún fi ìyẹn wọn òmíràn, títí mo fi parí.

"Rábíù," Mùtíù ké láti òkè, "èyí ga ju èyí tá a kọ́kọ́ gbé dúró lọ o!"

"Ìwọ ni! Ìwọ lo gbé ìyá igi mi pa mọ́! Wàláhì, o fẹ́ ba tèmi jẹ́!"

Mo búra lórí irọ́. Alájì ní ká kó gbogbo ẹ̀ sílẹ̀, wọ́n tò wọ́n láti orí èyí tó kúrú jù. Láti orí ẹ̀kẹrin, wọ́n ga ju ara wọn lọ lọ́kọ̀ọ̀kan, bí àtẹ̀gùn, títí dórí ìkẹrìnlá. Kò sí káfíńtà tí kò ní mọ̀ pé mo fi ọmọ wọn ọmọ.

"Mùtíù, bá a gé orí wọn kúrò," ni Alájì wí. "Téèpù di tìẹ." Mo sunkún lójú gbogbo wọn.

Mùtíù po gààrí wá bá mi lábẹ́ igi kaṣú. Mo bẹ̀ ẹ́, mo sì jẹ́wọ́ fún un pé owú ẹ̀ ló ń pa mí.

"Èmi náà jowú ẹ," ó ní. "Nígbà tó o ń gbé páànù méjì-méjì, ìwọ ni Alájì fi ń bú mi. Ìgbà tí mo gbọ́ ohun tó ò ń lò, mo ra káàdì oògùn náà kan, mo tì í bọ abẹ́ ìrọ̀rí. Ìyàwó mi rí i. Ó kó gbogbo ẹ̀ dà sí ṣáláńgá, kò sì bá mi sọ̀rọ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan."

Orí mi ti ń mọ́lẹ̀ báyìí, díẹ̀díẹ̀. Mùtíù ló ń fàlà, èmi ni mò ń gé, mo sì ń fi ṣọ́ọ̀kì pupa sàmì sí ìyá igi. Mo ṣì ń jowú ẹ̀, n ò ní purọ́. Àmọ́ kì í ṣe torí téèpù mọ́, torí ẹni tó bá a da tiẹ̀ nù ni. Nígbà tí mo ṣì ń lo oògùn, màmá mi náà rí tèmi lábẹ́ ìrọ̀rí. Wọ́n rò pé oògùn ẹ̀yìn ni, wọ́n bá mi bu omi wá.