Yunifọ́ọ̀mù La Fi Ń Lọ Sí La Porte

Àǹtí tí mo ń bá gbé ní Alief nílẹ̀ òyìnbó kì í bọ́ yunifọ́ọ̀mù tí wọ́n bá fẹ́ lọ ná ìwé oúnjẹ ìjọba. Ìwé ni nígbà yẹn, kò tíì di káàdì, àwọn tí owó iṣẹ́ wọn ò tó jẹun nìjọba ń fún. Ilé àwọn arúgbó ni Àǹtí ti ń wẹ òyìnbó.

“Kí wọ́n rí i pé èmi kì í ṣe ọ̀lẹ,” ni wọ́n máa ń wí.

Ti òyìnbó kéré. Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì wa gan-an ni Àǹtí ń sá fún. Ṣọ́ọ̀bù wà lẹ́yìn ilé wa, àmọ́ La Porte tó jìnnà réré là ń wa mọ́tò lọ, níbi tí iléeṣẹ́ kẹ́míkà ti ń rùn bí ẹyin tó bàjẹ́.

“Yorùbá wo lorí ẹ̀ dàrú tó máa wá síbí?” ni Àǹtí máa ń wí.

Ní Sátidé kan, Àǹtí ṣẹ̀ṣẹ̀ fa ìwé yọ níwájú kaṣíà ni ẹnì kan húkọ́ lẹ́yìn wa. Díákónì wa ni, nínú yunifọ́ọ̀mù sikiọ́ríìtì, ìwé tiwọn náà wà lọ́wọ́. Díákónì tó ń gbàdúrà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ pé ká má tọrọ jẹ!

Àǹtí kúnlẹ̀ díẹ̀. “Ẹ kú ọjà, sà. Kí la wá ń sun epo mọ́tò méjì fún? Ẹ jẹ́ ká máa jọ wá.”

Kí ọdún tó parí, a ti di márùn-ún nínú mọ́tò Àǹtí: ọ̀kan ń se oúnjẹ ní hòtẹ́ẹ̀lì, ọ̀kan ń tọ́jú ọmọ ní daycare, èmi ń gbálẹ̀ ọ́fíìsì. Gbogbo wa la wọ yunifọ́ọ̀mù. Ẹni bá rí wa á rò pé ibi iṣẹ́ là ń lọ.

Ibi iṣẹ́ la ti ń bọ̀.