Mọ́tò Tí Kò Bàjẹ́ Tí Mò Ń Tún Ṣe

Iṣẹ́ tí mo ṣe ní sáà ìdíje tó kọjá ṣòro láti ṣàlàyé fún ará ilé ẹni. Ilé iṣẹ́ kan máa ń ṣe irú mọ́tò eré ìje kan ṣoṣo, á tà á fún ẹnikẹ́ni tó bá lówó tó sì ráyè, á wá kó gbogbo wọn káàkiri Yúróòpù láti oṣù kẹrin títí di oṣù kẹsàn-án kí wọ́n máa bá ara wọn sáré. Ẹ́ńjìnnì kan náà, táyà kan náà, bíréèkì kan náà. Gbogbo ibi tí ọgbọ́n ẹ̀wẹ́ lè gbà wọlé ni wọ́n ti fi èdìdì dì pa. Wọ́n ṣe é bẹ́ẹ̀ kó má baà sí àwáwí ni. Ẹni tó bá gbẹ́yìn, òun fúnra rẹ̀ ló gbẹ́yìn, kì í ṣe mọ́tò rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, tó ń ta gàrí àti wíìgì ní Gesundbrunnen ní Berlin, fetí sí àlàyé yìí ní ọjọ́ Àìkú kan lẹ́yìn ìsìn, ó sì gbé ṣíbí sílẹ̀.

"So gbogbo mọ́tò yẹn, same ni wọ́n?" ó ní. "Wọ́n á kàn máa yípo lójú kan. Torí ìyẹn lo ṣe ka Master's ní Berlin?"

Mo ní iṣẹ́ ẹnjiníà ni. Ó béèrè bóyá ìwé iṣẹ́ náà á tó láti fi gba Aufenthaltstitel tuntun, ìyẹn ìwé ìgbélùú mi. Mo ní wọ́n ti fi fún mi. Ó ní ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run nígbà náà, ó sì gbé ṣíbí rẹ̀ padà.

Ṣọ́ọ̀bù ẹgbẹ́ tí mò ń bá ṣiṣẹ́ wà ní Hamburg, lẹ́yìn ibùdókọ̀ ojú irin Altona. Marzahn, ní Berlin, ni mò ń gbé, torí pé owó ilé ibẹ̀ kò tíì ya wèrè, nítorí náà ọjọ́ Ajé mi máa ń bẹ̀rẹ̀ nínú S-Bahn, ọkọ̀ ojú irin ìgboro, á sì gbé mi dé Altona pẹ̀lú ọrùn ríro. Kọ̀ǹpútà kan wà nínú mọ́tò tó ń fi ìlà ya gbogbo ohun tí awakọ̀ bá ṣe sílẹ̀: ibi tó ti tẹná, ibi tó ti tẹ bíréèkì, bó ṣe yí sítíárìn. Ní ọjọ́ Ẹtì, kí ìdíje tó bẹ̀rẹ̀, obìnrin kan tó jẹ́ ọ̀jáfáfá awakọ̀ á kọ́kọ́ wa mọ́tò náà fún wa, a ó sì tọ́jú ìlà tirẹ̀. Tí oníbàárà wa bá wá wà á tán, èmi á gbé ìlà rẹ̀ lé ti obìnrin náà, màá sì sọ ibi tó ti ń pàdánù fún un. Kí n má fa ọ̀rọ̀ gùn, wọ́n ń sanwó fún mi kí n máa sọ fún ẹni tó ń sanwó pé kò mọ mọ́tò wà tó.

Dókítà eyín ni oníbàárà náà, ní Hamburg. Ọmọ ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́ta ni, ọjọ́ orí bàbá mi gẹ́lẹ́, irun orí rẹ̀ funfun báláú, ohùn rẹ̀ sì tutù. Lọ́jọ́ tí a kọ́kọ́ pàdé, ó béèrè àlàáfíà ìyá mi, ohun tí ẹnikẹ́ni kò béèrè lọ́wọ́ mi rí nínú ìlú náà. Gbogbo ṣọ́ọ̀bù ló ń pè é ní orúkọ àbísọ rẹ̀, títí kan ẹni tó ń fọ táyà. Èmi nìkan ni mò ń pè é ní Herr Doktor, ìyẹn Ọ̀gbẹ́ni Dókítà. Láti kékeré ló ti fẹ́ràn mọ́tò, ṣùgbọ́n eyín àwọn ará Hamburg kò jẹ́ kó ráyè. Ní báyìí ìyàwó rẹ̀ ti fún un ní sáà kan. Obìnrin náà sọ ọ́ níwájú gbogbo wa ní Altona: sáà kan ṣoṣo, ìpàdé mẹ́fà, lẹ́yìn náà akoto á wọ yàrá abẹ́ ilẹ̀, kò sì ní jáde mọ́. Ohun kan ṣoṣo tí bàbá náà ń fẹ́ nínú sáà yìí ni pé kí òun gun orí pèpéle lẹ́ẹ̀kan, ní ìsọ̀rí àwọn àgbà awakọ̀. Ipò kẹta náà á tó o.

Ìpàdé àkọ́kọ́ wáyé ní gúúsù Berlin. Eré méjì là ń sá ní ìpàdé kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan lọ́jọ́ Sátidé, ọ̀kan lọ́jọ́ Àìkú. Lọ́jọ́ Sátidé, Dókítà ṣe ipò kẹsàn-án nínú àgbà mẹ́wàá, mọ́tò ẹni kẹwàá sì ti rì sínú iyẹ̀pẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó bọ́ akoto, ó wá jókòó síwájú tábìlì mi pẹ̀lú òógùn lójú.

"Sọ òótọ́ fún mi," ó ní. "Ṣé mọ́tò ni, àbí èmi ni?"

Òótọ́ wà lójú kọ̀ǹpútà gbangba. Ní gbogbo kọ́nà pátá ló ti ń tẹ bíréèkì ní bí ogún mítà ṣáájú ibi tí obìnrin awakọ̀ wa ti tẹ̀ ẹ́, bí ẹni tó rí màlúù lójú títì. Ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi lè kà á. Mo la ẹnu láti sọ ọ́. Mo wá wo irun funfun yẹn.

"Mọ́tò ni, Herr Doktor," mo ní. "A máa wò ó."

N kò rò ó tẹ́lẹ̀. Bí wọ́n ṣe kọ́ mi nílé ló jáde lẹ́nu mi. Wọn ò kọ́ mi láti wo ojú ẹgbẹ́ bàbá mi kí n sọ fún un pé kò mọ nǹkan ṣe. Wọ́n kọ́ mi láti wá nǹkan mìíràn tí a lè di ẹ̀bi rù, ojú ọjọ́ ni o, irinṣẹ́ ni o, kí ọkàn àgbà lè balẹ̀. Nínú gbogbo eré tí ènìyàn ń ṣe láyé, mo wá gbé ìdáhùn yẹn wọ inú ọ̀kan ṣoṣo tí òfin rẹ̀ ti sọ pé kò sí ẹ̀bi mọ́tò. Ọ̀gá ẹgbẹ́ wa gbọ́ mi. Ó wò mí bí ẹni tó wọ bàtà òdì wá síbi iṣẹ́, ó sì lọ bu kọfí. Nígbà tó yá, ó pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní kí n sọ òótọ́ fún ọkùnrin náà, torí òótọ́ ló ń rà lọ́wọ́ wa. Mo ní màá sọ ọ́ ní ìpàdé kejì.

Ẹ̀gbọ́n mi ní tirẹ̀ gbè sẹ́yìn mi. "You did well, jàre," ó ní. "Bàbá tó tó Daddy, kí o wá sọ fún wọn pé wọn ò mọ mọ́tò wà? Nínú ilé wo?"

Lójú ọ̀nà láti Berlin sí Hamburg, mo máa ń fi gbólóhùn náà dánra wò sí ojú fèrèsé ọkọ̀: ẹ máa ń tètè tẹ bíréèkì jù. Kí a tó jáde ní Berlin, màá ti fi ẹ jọ̀ọ́ síwájú rẹ̀. Ní ìdajì ọ̀nà, á ti di ìbéèrè. Nígbà tí mo bá fi máa sọ̀kalẹ̀ ní Altona, ìkíni lásán ló máa ń kù nínú rẹ̀.

Ní ìpàdé kejì, lẹ́bàá òkun ní Netherlands, kí n tó sọ̀rọ̀ ni Dókítà ti béèrè bóyá mo ti tún mọ́tò ṣe. Mo ní ó ku díẹ̀. Mo mú sípánà, mo ṣí ẹ̀yìn mọ́tò, mo sì dúró síbẹ̀ fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Mo fi sípánà kan irin kan kó lè dún. Mo nu ọwọ́ mi tó mọ́ tónítóní sí àkísà, mo ní ó ti dáa báyìí. Ó wọlé, ó wà á jáde, ó sì yára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo wo ìlà rẹ̀. Ó ti gbà pé mọ́tò ti yá, nítorí náà ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣe sùúrù díẹ̀ kó tó sá lọ sórí bíréèkì.

Ó yẹ kí n dá a dúró níbẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tó di ọjọ́ Àìkú, ẹ̀rù ti tún mú un, ó ti padà sí ogún mítà rẹ̀, ó sì wá bẹ̀ mí kí n tún fọwọ́ kan ibi àná. Bí mo ṣe wọ iṣẹ́ náà nìyẹn. Ní Belgium, mo pilẹ̀ orúkọ fún àìsàn ọ̀hún, mo ní ẹ̀yìn mọ́tò kò dọ́gba. Ní Austria, mo wọ ìbọ̀wọ́. Ní Italy, mo lé gbogbo ènìyàn jáde nínú gáréèjì kí wọ́n má baà pín ọkàn mi níyà. Ó bọ́ sí ipò keje, ó bọ́ sí ìkẹfà, ó kan ìkẹrin lẹ́ẹ̀kan. Ìyàwó rẹ̀ fi ṣokoléètì ránṣẹ́ sí mi. Ẹ̀gbọ́n mi jẹ́rìí ní ṣọ́ọ̀ṣì pé ọwọ́ àbúrò òun ló ń mú kí mọ́tò òyìnbó sáré, ìjọ sì ṣe àmín. Kí n má parọ́, ó dùn mọ́ mi. Ó pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti kà mí sí ọlọ́gbọ́n ní ilẹ̀ yìí.

Ìpàdé kẹfà gbé wa padà sí Jámánì. Ní ọjọ́ Sátidé, ó ṣe ipò karùn-ún. Ní àárọ̀ ọjọ́ Àìkú, ó di ọwọ́ mi mú, ó ní eré kan péré ló kù fún òun, kí n ṣe gbogbo èyí tí mo bá mọ̀. Mo lo sípánà mẹ́ta. Mo lo ogún ìṣẹ́jú. Nígbà tí mo jáde, mo kàn mi orí sí i.

Lọ́jọ́ náà, ó wa mọ́tò débi pé ọ̀gá wa gbàgbé kọfí sọ́wọ́. Ipò kẹta. Ó gun orí pèpéle, wọ́n gbé ife ẹ̀yẹ lé e lọ́wọ́, ó sì sunkún láìfi ojú pamọ́. Inú mi dùn tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi pàtẹ́wọ́ ju ìyàwó rẹ̀ lọ. Ó sọ̀kalẹ̀, ó bọ ọkùnrin tó ṣe ipò kẹrin lọ́wọ́, ẹnì kan tó ń ta ilé fún àwọn ọlọ́rọ̀, ó sì fi tayọ̀tayọ̀ sọ fún un pé ẹnjiníà òun ti fọwọ́ kan nǹkan kan lẹ́yìn mọ́tò òun, nǹkan tí ẹlòmíràn kò mọ̀. Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín músẹ́, ó sì gba ọ́fíìsì àwọn adájọ́ ìdíje lọ tààrà.

Kí wákàtí kan tó pé, wọ́n ti tú ẹ̀yìn mọ́tò wa palẹ̀. Gbogbo èdìdì pé. Ṣùgbọ́n adájọ́ àgbà, ọkùnrin kan tí kì í kánjú sọ̀rọ̀, ní awakọ̀ ti fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé wọ́n fọwọ́ kan mọ́tò. Bí ẹni tó fọwọ́ kàn án kò bá lè sọ ohun tó ṣe, òun á gba ipò kẹta náà padà. Dókítà dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbá ife mọ́ àyà. Ọkàn rẹ̀ balẹ̀, torí ó mọ̀ pé mo ní àlàyé.

"Kí lo ṣe sí mọ́tò yìí?" adájọ́ béèrè.

"N kò ṣe nǹkankan."

"Awakọ̀ rẹ ní o ṣe é."

"Èmi ni mo sọ fún wọn bẹ́ẹ̀. Irọ́ ni mo pa fún wọn, láti oṣù kẹrin."

N kò lè wo ẹ̀gbẹ́ mi. Mo ṣí kọ̀ǹpútà, mo fi hàn án pé, yàtọ̀ sí táyà, kò sí ohun tó yí padà lára mọ́tò náà láti ìgbà tí sáà ti bẹ̀rẹ̀. Mo wá fi ìlà ọjọ́ náà hàn án. Ní gbogbo kọ́nà, ibi tí obìnrin awakọ̀ wa ti tẹ bíréèkì gan-an ni Dókítà ti tẹ̀ ẹ́. Adájọ́ wò ó pẹ́, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín, ó ní òun kò mọ òfin tí òun á fi fìyà jẹ ẹni tí kò ṣe nǹkankan. Ipò kẹta dúró. Ọkùnrin tó ń ta ilé lọ láìkí ẹnikẹ́ni.

Mo rò pé ọ̀rọ̀ ti parí sí dáadáa. Nígbà tí àwọn yòókù ń di ẹrù sínú ọkọ̀, Dókítà wá bá mi nínú gáréèjì, ó jókòó lé orí táyà kan. Kò mú ife náà dání.

"Ìgbà wo lo ti mọ̀ pé èmi ni?" ó béèrè.

"Láti ọjọ́ kìíní, Herr Doktor."

Ó ń fi ìka ka àwọn eré tó ti pàdánù láti ọjọ́ náà. Ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá tán lọ́wọ́ rẹ̀.

"Mo bi ọ́," ó ní. "Lọ́jọ́ yẹn gan-an, mo bi ọ́."

Mo fẹ́ ṣàlàyé ẹ̀kọ́ ilé fún un, ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń tò ó lọ́kàn ní èdè Jámánì, gbogbo ohun tó ń já sí ni pé mo parọ́ fún un torí pé ó ti darúgbó. Ojú tì mí. Eré mẹ́wàá ni mo fi ọ̀wọ̀ gbà lọ́wọ́ rẹ̀, nígbà tí ọkùnrin tó ń ta ilé yẹn kò rí ẹyọ kan gbà. Ó dùn mí wọra, torí mo fẹ́ràn bàbá náà.

Ara mi wá ṣe ohun tó mọ̀. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí símẹ́ńtì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́tò, mo sì dojú bolẹ̀.

Mo gbọ́ tí orúnkún rẹ̀ ń dún. Àgbàlagbà náà rọra sọ̀kalẹ̀ pẹ̀lú aṣọ ìje funfun rẹ̀, ó na gbalaja sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé símẹ́ńtì, ó sì ń wo abẹ́ mọ́tò, níbi tó rò pé mò ń wò.

"Kí lo rí?" ó béèrè. Ìrètí wà nínú ohùn rẹ̀.

"Kò sí nǹkan níbẹ̀, Herr Doktor," mo ní. "Nǹkankan kò ṣe mọ́tò yìí rí."